Ṣé ká kàn máa fọwọ́ sí i ni? Iṣẹ́ ìgbìmọ̀ olùdarí nínú àjọ

Ìbéèrè: Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yàn mí sínú ìgbìmọ̀ olùdarí àjọ aláàánú kan. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin la ń pàdé lọ́dún. Ọ̀gá àgbà á ròyìn, a ó ní ó dára, a ó sì túká. Ṣé bí wọ́n ṣe ń bójú tó àjọ nìyí?

Ìdáhùn: Rárá o. Bó bá jẹ́ ẹnu ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ nìkan lẹ ti ń gbọ́ bí iṣẹ́ ṣe ń lọ, ẹ ò tíì bójú tó nǹkan kan.

Ẹ̀yin lẹ ń gba ọ̀gá àgbà síṣẹ́, ẹ̀yin lẹ ń yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò lọ́dọọdún, ẹ̀yin náà lẹ sì lè dá a dúró. Ẹ̀yin lẹ ń fọwọ́ sí ètò ìṣúná kí ọdún tó bẹ̀rẹ̀. Kí ayẹ̀wé-owó-wò sì máa jábọ̀ fún yín, kì í ṣe fún ọ̀gá àgbà. Awakọ̀ tí wọ́n máa gbà, bébà tí wọ́n máa rà, ìyẹn ò kàn yín. Ìgbìmọ̀ tó bá ń báni ra bébà kì í ráyè wo ìwé bánkì.

Ọ̀rọ̀ owó ni kí ẹ múra sí jù. Kí ìròyìn owó ti tẹ̀ yín lọ́wọ́ ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ìpàdé, kó sì fi iye mẹ́ta hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn: èyí tí ẹ fọwọ́ sí, èyí tí wọ́n ná, àti ìyàtọ̀ wọn. Ká ní ẹ fọwọ́ sí 100 fún ìrìnàjò, wọ́n sì ti ná 160. Ẹ bèèrè ohun tó fa 60 yẹn, kí ẹ sì bèèrè ibi tí wọ́n ti rí i. Ìbéèrè kejì yìí ló ṣe pàtàkì jù, torí ó lè jẹ́ owó tí olùrànlọ́wọ́ kan fi sílẹ̀ fún iṣẹ́ mìíràn ni wọ́n fà lò. Lẹ́yìn náà, ẹ gba ìwé bánkì fúnra rẹ̀, kí ẹ fi iye tó kù níparí oṣù wé ti ìwé owó àjọ. Bí wọn ò bá dọ́gba, ó lè jẹ́ sọ̀wédowó tí bánkì ò tíì san; kí akápò tò wọ́n sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ń kọ ìwé owó kò gbọdọ̀ máa buwọ́ lu sọ̀wédowó.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnì kan náà ṣe alága àti ọ̀gá àgbà. Ìgbìmọ̀ Cadbury yẹ bí wọ́n ṣe ń darí ilé-iṣẹ́ wò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì; àbọ̀ wọn, tó jáde ní 1992, tẹnu mọ́ ọn pé kí agbára ìpinnu má wà lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ló ń bá wí, ṣùgbọ́n ó bá àjọ kékeré náà mu.

Ọmọ ìgbìmọ̀ tí ẹbí rẹ̀ fẹ́ gba iṣẹ́ kọngílá lọ́wọ́ àjọ gbọ́dọ̀ sọ ọ́ jáde, kó sì bọ́ síta kí wọ́n tó dìbò. Kí akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó jáde. Kó kọ ìpinnu náà, ẹni tó máa ṣe é àti ọjọ́ tó máa parí. “A jíròrò rẹ̀” kò tó. Kí ẹ sì ka orí kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀: bí iye ènìyàn tí òfin àjọ sọ kò bá pé, ẹnikẹ́ni lè pe ìpinnu yín níjà lẹ́yìn ọ̀la.

Ní ìpàdé tí ayẹ̀wé-owó-wò bá ti wá jábọ̀, ẹ sọ fún alága pé ẹ fẹ́ bá ayẹ̀wé-owó-wò náà sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú 15, kí ọ̀gá àgbà má sí níbẹ̀. Ẹ bi í pé: kí lo béèrè tí wọn ò fún ọ?