Owó Ilé Ọdún Méjì Lórí Yàrá Tí Ẹnikẹ́ni Kò Tíì Wò

Ìyá Àkọ́bí ní Kubwa, ẹ kú oríire ọmọ. Ẹ kọ̀wé pé ọmọbìnrin yín ti wọlé láti kọ́ ìmọ̀ òfin ní Yunifásítì Ahmadu Bello ní Zaria, pé kò rí bẹ́ẹ̀dì gbà nínú ọgbà, àti pé éjẹ́ǹtì kan tó fi fídíò yàrá kan ní Samaru ránṣẹ́ sí yín ń béèrè àsansílẹ̀ owó ilé ọdún méjì, ₦600,000, kí ọjọ́ Ẹtì tó kọjá. Ẹ fẹ́ fi owó àjọ san án láìjẹ́ kí bàbá ọmọ gbọ́, nítorí pé òun fẹ́ kó lọ gbé lọ́dọ̀ àbúrò òun ní Sabon Gari, ẹ̀yin kò sì fẹ́ kí ọmọ yín di ọmọ-ọ̀dọ̀ nílé onílé.

Ó yà mí lẹ́nu pé éjẹ́ǹtì náà kò sọ fún yín pé Kongo ni wọ́n ti ń kọ́ ìmọ̀ òfin, kì í ṣe Samaru. Ọgbà ọ̀tọ̀ ni Kongo, ó sì jìnnà. Ẹni tó bá ń gbé Samaru yóò máa wọkọ̀ lọ, yóò máa wọkọ̀ bọ̀, owó ọkọ̀ yẹn kò sì sí nínú ohun tí wọ́n kà fún yín. Kódà, Sabon Gari tí ọkọ yín dárúkọ sún mọ́ Kongo ju Samaru lọ.

Ní ti àsansílẹ̀, owó ọdún kan kò burú, ọ̀pọ̀ onílé ni kò ní gba oṣù kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ẹ rántí 2022, nígbà tí ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, daṣẹ́ sílẹ̀ láti 14 oṣù Kejì di 14 oṣù Kẹwàá: oṣù mẹ́jọ gbáko ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi wà nílé òbí wọn, tí owó ilé tí wọ́n ti san ń jó lọ. Ọdún méjì lẹ́ẹ̀kan náà ti pọ̀ jù fún owó àjọ.

Fídíò náà kò sì tó ẹ̀rí, nítorí ó lè ti dé fóònù ogún òbí mìíràn. Ó yẹ kí ẹnìkan fi ojú ara rẹ̀ rí yàrá, kí ó bá onílé sọ̀rọ̀, kí ó béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń gbé ibẹ̀ bóyá omi ń wá àti bóyá òru fọkàn balẹ̀. Àkáǹtì onílé gan-an ni kí owó wọ̀, kí rìsíìtì sì sọ yàrá wo ni, láti ọjọ́ wo di ọjọ́ wo. Owó iṣẹ́ éjẹ́ǹtì dúró lọ́tọ̀, ẹ̀yìn ìyẹn ni kó sì gba tirẹ̀.

Ta ni yóò wá lọ wò ó? Ẹni tó wà nítòsí jù lọ ni àbúrò ọkọ yín, òun gan-an sì ni àṣírí yìí kò ní jẹ́ kí ẹ lè rán. Mo gbà pẹ̀lú yín pé ilé ẹbí lè jẹ àkókò ìwé mọ́ ọmọ lọ́wọ́. Ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún bàbá rẹ̀ lálẹ́ òní, ẹ jẹ́ kó mọ̀ pé owó àjọ wà nílẹ̀, kí ẹ sì bẹ̀ ẹ́ kó pe àbúrò rẹ̀ láti bá yín wá yàrá ọlọ́dún kan ní apá Kongo. Bí éjẹ́ǹtì bá pè lọ́jọ́ Ẹtì, ẹ dá a lóhùn pé ẹ kò ní san owó Samaru mọ́.