Ọmọ mi ń gbá tee dípò bọ́ọ̀lù

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Houston la wà, ọmọ mi ọkùnrin ti pé ọdún 6, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ T-ball, ìyẹn béèsìbọ́ọ̀lù àwọn ọmọdé, tí wọ́n máa ń gbé bọ́ọ̀lù lé orí òpó kékeré tí wọ́n ń pè ní tee, kọ́mọ wá fi báàtì (ọ̀pá ìgbábọ́ọ̀lù) gbá a. Bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ lèmi mọ̀ ní tèmi, àmọ́ mo máa ń bá a ṣeré béèsìbọ́ọ̀lù lẹ́yìnkùlé. Apá nìkan ló fi ń gbá a, ara ẹ̀ ò yí rárá, tee ló sì sábà máa ń bà. Àwọn òbí yòókù á máa pariwo pé kó gbé ìgbọ̀nwọ́ sókè. Kí ni kí n kọ́kọ́ kọ́ ọ?
Bàbá ọlọ́mọ, Texas

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, sà. Ẹ wo báàtì ọwọ́ ẹ̀ ná, torí òbí a máa ra èyí tó gùn kó lè lò ó pẹ́, íńṣì 25 tàbí 26 tó fúyẹ́ ti tó o. Ẹ ní kó fi ọwọ́ kan nà án síwájú, tí apá ẹ̀ bá ń gbọ̀n kíá, ó ti wúwo jù nìyẹn. Ẹ wò ó bóyá àmì USA Baseball, àjọ tó ń bójú tó béèsìbọ́ọ̀lù ní Amẹ́ríkà, wà lára ẹ̀, líìgì púpọ̀ ò gbà á láìsí i.

Ọ̀rọ̀ ìgbọ̀nwọ́ yẹn, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má dá wọn lóhùn. Ìbàdí ni agbára ti ń wá: ẹsẹ̀ iwájú á balẹ̀, ìbàdí á yí, àyà á tẹ̀lé e, ọwọ́ ló máa dé gbẹ̀yìn. Tẹ́ ẹ bá ń ṣàlàyé gbogbo ìyẹn fọ́mọdé, etí lásán ló máa fi gbọ́ ọ. Ẹ kúkú gbé abọ́ omi fún un, kó dúró ní ẹ̀gbẹ́, kó wá fi agbára da omi náà síwájú, ẹ máa rí i pé ìbàdí ẹ̀ á yí fúnra ẹ̀, kẹ́ ẹ wá ní kó fi báàtì ṣe bẹ́ẹ̀.

Tee tó ń bà ńkọ́? Ó jọ pé àárín ẹsẹ̀ ẹ̀ méjèèjì lẹ gbé e sí. Ẹ sún un síwájú, kó ṣe déédéé ẹsẹ̀ iwájú, kí bọ́ọ̀lù sì ga tó ìbàdí ẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo lọ́jọ́ kan sha. Ìdúró àti bó ṣe ń di báàtì mú ni kẹ́ ẹ fi ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣe (ọlọ́wọ́ ọ̀tún, ọwọ́ òsì ló ń wà nísàlẹ̀), ẹ tó kan ìbàdí, ìṣẹ́jú 10 sí 15 péré, kó tó sú u. Tó bá ti ń bà á dáadáa lórí tee, ẹ máa rọra ju bọ́ọ̀lù oníke sí i láti iwájú. Ìyẹn ò ní kó pa tee tì o, àwọn tó ń gbá a fowó ní Major League, líìgì béèsìbọ́ọ̀lù tó ga jù ní Amẹ́ríkà, pàápàá ṣì ń lò ó. Tó bá sì ní àbúrò, kọ́mọ yẹn má ṣe sún mọ́ ọn tó bá ti gbé báàtì dání.