Láti Orílé dé Marínà lórí àga oníkẹ̀kẹ́: ohun tí ojú mi ti rí

Àbúrò mi, mo ka ìbéèrè rẹ. O ní láti ìgbà tí o ti jábọ́ lórí ilé tí ẹ ń kọ́ ni o ti ń lo àga oníkẹ̀kẹ́, pé Orílé-Igánmú ni o ń gbé, pé iṣẹ́ tuntun ti bọ́ sí ọ lọ́wọ́ ní Marínà, o sì fẹ́ mọ̀ bóyá ọkọ̀ ojú irin ni kí o máa wọ̀ tàbí kí o máa háyà kábù. Ó ti di ọdún 14 tí èmi náà ti wà lórí àga yìí nínú ìlú Èkó, ẹnu mi sì gbà á láti sọ ọ́.

Ọkọ̀ ojú irin ni kí o wọ̀. Láti oṣù Ọ̀wẹwẹ̀ ọdún 2023 ni èyí tí wọ́n ń pè ní Blue Line ti ń ná Máìlì Túù sí Marínà, ibùdókọ̀ 5 ló wà lójú ọ̀nà rẹ̀, Orílé sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ra káàdì Cowry, fi owó sí i, wọ ẹ̀rọ agbéniròkè, ó parí. Kì í ṣe inú ọkọ̀ ni ìyà wà. Ìyà wà láàárín ilé rẹ àti ibùdókọ̀, ó sì tún ń dúró dè ọ́ lẹ́nu ọ̀nà ibi tí o bá ń lọ.

Ní ọdún 2016, mo lọ sí báńkì kan láti yanjú ọ̀rọ̀ owó mi tó há. Ilẹ̀kùn onígíláàsì tí ènìyàn kan ṣoṣo ń dúró sínú rẹ̀ kí ti iwájú tó ṣí ni wọ́n fi sẹ́nu ọ̀nà wọn. Àga mi kò gba ibẹ̀. Ọlọ́dẹ lọ pe ọ̀gá, ọ̀gá jáde, kò wo ojú mi, àbúrò mi tó ń tì mí ló kọjú sí, ó ní, "Kí ni wọ́n fẹ́?" bí ẹni pé ẹsẹ̀ mi tó kú ti mú ẹnu mi lọ. Ó ní kí n kọ nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ káàdì mi sórí ìwé fún àbúrò mi. Mo kọ̀. Ó ní ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ wà, ṣùgbọ́n ẹni tó mú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ dání ti lọ jẹun. Láti aago 11 títí aago 2 fi kọjá ni mo fi jókòó sínú oòrùn, lórí aṣọ lásán tí wọ́n ta sí àga náà, nítorí pé òjò ti pa tìmùtìmù mi lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, mo sì ti rò pé n kò ní pẹ́.

Lẹ́yìn ọjọ́ 3, ìyàwó mi rí àpá pupa kan ní ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn mi, kò tóbi ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Kò dùn mí, nítorí pé n kì í mọ nǹkan kan lára níbẹ̀ mọ́, mo sì ní kí ó fi sílẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó ti di ihò. Oṣù 5 gbáko ni mo fi dojú bolẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, tí wọ́n ń wẹ egbò láràárọ̀, tí iṣẹ́ tí mo ń ṣe sì bọ́ lọ́wọ́ mi. Nítorí náà, mo bẹ̀ ọ́, má jáde láìsí tìmùtìmù láéláé. Ní gbogbo ààbọ̀ wákàtí, fi ọwọ́ méjèèjì ti ara rẹ sókè kúrò lórí ìjókòó, ìbáà jẹ́ inú ọkọ̀ tàbí ibi iṣẹ́. Lálẹ́, kí ẹni tó bá sún mọ́ ọ yẹ ìdí rẹ wò, tàbí kí o fi dígí wò ó fúnra rẹ.

Àwọn tó ń kọ́ ilé ńkọ́? Ìṣirò tí gbogbo ayé mọ̀ ni pé bí nǹkan bá fi ẹsẹ̀ bàtà 1 ga, ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí yóò gba àga gòkè gbọ́dọ̀ gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 12. Ilé iṣẹ́ ìjọba kan tí mo lọ ní àtẹ̀gùn mẹ́ta tó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 1 ààbọ̀, èyí tó fẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 18, àmọ́ èyí tí wọ́n rọ síbẹ̀ kò ju ẹsẹ̀ bàtà 5 lọ. Àga mi yí padà sẹ́yìn lórí rẹ̀, ọlọ́kadà kan ló sáré gbá mi mú. Òṣìṣẹ́ tó wà níbẹ̀ wá sọ pé wọ́n ti ṣe é fún wa, a kò tún mọ ọpẹ́ dá. Bẹ́ẹ̀, ìpínlẹ̀ Èkó ti ṣe òfin lórí ọ̀rọ̀ wa láti ọdún 2011, ti ìjọba àpapọ̀ tí Ààrẹ buwọ́ lù ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2019 sì fún àwọn onílé tí gbogbo ènìyàn ń wọ̀ ní ọdún 5 láti tún un ṣe. Ọdún 5 náà ti pé láti 2024. Sọ èyí fún wọn bí wọ́n bá ní kí o máa dúpẹ́.

Ní ti ojú títì, táyà kékeré iwájú ni yóò máa há sínú ihò àti àlàfo orí gọ́tà. Bí o bá dé irú ibẹ̀, kọ ẹ̀yìn sí i, kí táyà ńlá kọ́kọ́ kọjá. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí o ṣe níbi àlàfo tó wà láàárín ibùdókọ̀ àti ọkọ̀ ojú irin. Àwọn ọmọ Èkó ṣàánú, wọn yóò sáré wá gbé ọ, ṣùgbọ́n apá àga ni wọ́n máa ń dì mú, apá àga sì ń yọ. Irin ìsàlẹ̀ ni kí o fi hàn wọ́n, kí o sì sọ ọ́ kí wọ́n tó fọwọ́ kàn ọ́.

Kábù wà fún ọjọ́ òjò. Béèrè kí o tó pè é bóyá búùtù rẹ̀ ṣófo, kí o sì mọ bí o ṣe ń yọ táyà àga rẹ kúrò.

Kí o tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, lọ ní ọjọ́ Sátidé kan pẹ̀lú ẹni tí yóò tì ọ́, kí o sì mú tépù dání. Wọn fífẹ̀ àga rẹ láti ibi tí ọwọ́ fi ń yí táyà ní ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì, kí o wá wọn ẹnu ọ̀nà ilé iṣẹ́ náà, àti ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wọn ní pàtàkì. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ náà ni kí o bá ọ̀gá rẹ sọ ṣáájú owó oṣù.