Lẹ́tà onílà kan kò tó fún etí Kẹ́hìndé

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Bọ̀ọ̀dá Olóòtú. Kẹ́hìndé nínú àwọn ìbejì mi ti rí iléèwé gíga wọ̀ ní Amẹ́ríkà. Láti kékeré ni etí rẹ̀ kò ti gbọ́ dáadáa. Wọ́n ní kó mú ìwé ẹ̀rí wá kí wọ́n tó lè ràn án lọ́wọ́ ní kíláàsì. Lẹ́tà dókítà ọdún 2016, onílà kan péré, wà lọ́wọ́ mi, àmọ́ ẹ̀rù ń bà mí. Tí wọ́n bá rí i, ṣé wọn ò ní ní kó má wá mọ́? Ìyá Ìbejì, Òkè-Fíà, Òṣogbo.

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ kú oríire ọmọ. Ẹ fọkàn balẹ̀. Òfin tí Amẹ́ríkà ṣe ní 1990 fún àwọn tó ní ìpèníjà ara kò gbà kí wọ́n torí etí lé ọmọ tí wọ́n ti gbà wọlé. Ohun tí olùkọ́ máa ṣe fún un ni wọ́n á sọ fún olùkọ́. Wọn kì í dárúkọ ohun tó ń ṣe é.

Lẹ́tà 2016 yẹn gan-an ló ń kọ mí lóminú. Irú rẹ̀ lèmi náà mú lọ síléèwé nígbà ayé mi. Etí òsì mi ò gbọ́ nǹkan kan, dókítà sì kọ ìlà kan péré: etí rẹ̀ kan kò ṣiṣẹ́. Akọ̀wé kà á, ó fi há fáìlì, ó tán. Lọ́jọ́ ìdánwò, olùṣọ́ ìdánwò dúró sẹ́yìn wa lápá òsì, ó ní ká pa ìbéèrè kẹrin rẹ́, ó sì pe òmíràn fún wa. Gbogbo èèyàn ń fi bíró fa ìlà, èmi ń dáhùn èyí tí wọ́n ti parẹ́ lọ ní tèmi. Òdo ni mo gbà níbẹ̀.

Ẹ mú Kẹ́hìndé lọ bá dókítà etí, kí wọ́n fi ẹ̀rọ yẹ etí rẹ̀ wò, kí wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde. Kí dókítà wá kọ ọ́ pé bí olùkọ́ bá kọjú sí pátákó, ọmọ yìí kò gbọ́ mọ́. Pé ó nílò kí ọ̀rọ̀ olùkọ́ máa hàn ní kíkọ lójú kọ̀ǹpútà, tàbí kí ẹnìkan máa bá a kọ nóòtì. Orúkọ àìsàn nìkan ò lè sọ ìyẹn. Ẹ̀yin lẹ máa sanwó àyẹ̀wò o, àmọ́ iléèwé ò gbọdọ̀ gba kọ́bọ̀ lórí ìrànwọ́ náà.

Kẹ́hìndé fúnra rẹ̀ ló sì máa lọ béèrè. Ẹ má bá a pè wọ́n láti Òkè-Fíà! Kó tètè lọ, torí ìdánwò tó bá ti kọjá, wọn kì í sáábà tún un ṣe. Báàgì ọwọ́ ni kó kó lẹ́tà náà sí, kó má fi sínú ẹrù tí wọ́n ń kó sábẹ́ bàálù.