Báwo la ṣe ń ṣètò etí kòtò ìwayẹ̀pẹ̀ àti owó ìdúró rẹ̀?

Ká ní kòtò ìwayẹ̀pẹ̀ yín máa jìn ní mítà 6. Etí rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣírò, torí òun ló máa pinnu owó ìdúró, ìyẹn owó tí ẹ máa fi dúró lọ́dọ̀ àwọn aláṣẹ pé ẹ máa tún ilẹ̀ náà ṣe. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ 3 sí 1 ni àwọn aláṣẹ sábà máa ń béèrè, ìyẹn mítà 3 ní ìbú fún mítà 1 ní jíjìn. Mítà 18 nìyẹn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbẹ́ ẹ dé ààlà ilẹ̀ kí ẹ tó rántí, torí yẹ̀pẹ̀ tí wọ́n máa rà wá láti fi dí i wọ́n gan-an.

Tí etí náà bá dúró ṣánṣán, ẹ lè gé ìdajì òkè rẹ̀ kí ẹ tì í sí ìsàlẹ̀. Á jẹ mítà 9 sẹ́yìn, á tún jẹ 9 sínú kòtò. Lórí mítà 1 etí, yẹ̀pẹ̀ tí ẹ máa tì jẹ́ kúbíìkì mítà 13.5, etí tó gùn ní mítà 100 á jẹ́ 1,350.

Iye yẹ̀pẹ̀ yìí ni ẹ máa fi ṣírò owó ìdúró, àmọ́ kì í ṣe ní iye tí katapílà tiyín máa ná yín. Iye tí agbaṣẹ́ṣe mìíràn máa gbà ni, bí ẹ bá fi iṣẹ́ sílẹ̀: gbígbé ẹ̀rọ wá, títẹ́ ilẹ̀dú padà, gbíngbin koríko. Torí náà, ẹ kó ilẹ̀dú jọ lọ́tọ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Bí ẹ bá ń tún apá kan ṣe bí ẹ ṣe ń gbẹ́ òmíràn, owó ìdúró náà máa ń kéré sí i.