Ẹ Bi Wá: Afẹ́fẹ́ Òkun, Ọ̀yẹ́ àti Òtútù Orí Òkè

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ilẹ̀ mi wà ní Gberefu, ní Àgbádárìgì, kò jìnnà sí òkun rárá. Àgbọn ni mo gbìn síwájú, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà wà láàárín wọn. Mo ní kí wọ́n ro gbogbo ilẹ̀ náà mọ́ tónítóní títí dé orí iyanrìn, kí koríko má bàa jẹ oúnjẹ àgbọn mọ́ ọn lẹ́nu. Ní báyìí, ewé àwọn àgbọn kékeré ti ń gbẹ láti ṣóńṣó, ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí òkun ló sì pọ̀ sí jù. Ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti ya jálajàla. Ṣé kí n mọ ògiri búlọ́ọ̀kù ni, àbí kí n ra oògùn?
*Ìyá olóko, Gberefu*

Ìdáhùn: Ẹ fi owó oògùn yín sápò, Mà. Àrùn kì í mọ apá ibi tí òkun wà. Nígbà tí ìgbì bá fọ́ létí òkun, afẹ́fẹ́ á gbé ẹ̀kán omi wínníwínní wá sórí ewé. Omi á gbẹ, iyọ̀ á kù síbẹ̀, iyọ̀ yẹn ló sì ń fa omi inú ewé jáde tí etí rẹ̀ fi ń jó. Iyanrìn tí afẹ́fẹ́ ń gbé kiri tún ń ha ewé lára, ojú ibi tó bá ha ni iyọ̀ ń gbà wọlé. Tí ẹ bá fẹ́ rí i dájú, ẹ fi ahọ́n kan ewé tó kọjú sí òkun láàárọ̀ ọjọ́ tí òjò kò rọ̀, kí ẹ sì tọ́ ti ẹ̀yìn wò. Àmọ́ tó bá jẹ́ àwọn àgbà ewé ìsàlẹ̀ ló ń pọ́n, láìka apá ibi tí wọ́n kọjú sí, ebi pọ́táṣíọ́ọ̀mù, ọ̀kan lára oúnjẹ inú ilẹ̀, nìyẹn, ìyẹn kò kan afẹ́fẹ́.

Ẹ má mọ ògiri. Afẹ́fẹ́ tó bá kọlu ohun tí kò ní ihò á fò ó kọjá, á sì já lulẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, á máa yí bírí lórí ọ̀gbìn yín. Ìdènà tí a fẹ́ ni èyí tí nǹkan bí ìdajì rẹ̀ dí, tí ìdajì ṣófo, kí afẹ́fẹ́ lè gba inú rẹ̀ kọjá pẹ̀lú ìrẹ̀lẹ̀. Irú rẹ̀ ń dáàbò bo ilẹ̀ tó tó nǹkan bí ìlọ́po mẹ́wàá gíga rẹ̀: ìdènà mítà 2 á ṣíji bo nǹkan bí mítà 20.

Ẹ ri òpó ọparun ní mítà 2 síra wọn, kí 60 sẹ̀ǹtímítà wọlẹ̀ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí iyanrìn kì í di òpó mú. Ẹ so ọparun gbọọrọ mẹ́ta sí i ní ìbú, kí ẹ wá hun imọ̀ àgbọn mọ́ ọn, kí ìmọ́lẹ̀ ṣì máa yọ láàárín. Apá gúúsù ìwọ̀-oòrùn ni afẹ́fẹ́ òkun ti ń wá níhìn-ín, ibẹ̀ ni kí ìdènà kọjú sí. Ẹ jẹ́ kó gùn kọjá ilẹ̀ yín ní mítà díẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, torí afẹ́fẹ́ máa ń ṣẹ́rí gba etí rẹ̀ wọlé. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ ni ọ̀nà tààrà tí wọ́n ń fi sílẹ̀ láàárín ìdènà láti máa gbà lọ sí etí òkun. Afẹ́fẹ́ á kó ara rẹ̀ jọ sí ojú ihò yẹn, á sì le ju ti gbangba lọ. Ẹ gé ọ̀nà náà ní ìdábùú, kó má dojú kọ òkun gan-an.

Imọ̀ kò ní pẹ́ jẹrà, nítorí náà ẹ gbin ìlà méjì igi whistling pine sí ẹ̀yìn rẹ̀, mítà 2 síra wọn, kí ti ìlà kejì dúró sí àlàfo ti àkọ́kọ́. Kòkòrò aláìfojúrí tó wà nínú gbòǹgbò igi yìí ń bá a fa náítírójìn, oúnjẹ ọ̀gbìn, láti inú afẹ́fẹ́, ìdí nìyẹn tó fi ń ṣe dáadáa lórí iyanrìn lásán. Ẹ bomi rin ín ní ẹ̀ẹ̀rùn àkọ́kọ́. Ẹ má sì gbin nǹkan sábẹ́ rẹ̀: ewé tó ń gbọ̀n sílẹ̀ kì í jẹ́ kí irúgbìn mìíràn yọrí.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tí ẹ ro. Ìtàkùn etí òkun tó ń yọ òdòdó aláwọ̀ àlùkò, tí ṣóńṣó ewé rẹ̀ là sí méjì, òun ló ń di iyanrìn mú. Ẹ dá a padà sí iwájú ìdènà: ẹ gé e ní ọ̀pá ọ̀pá, kí oríkèé mẹ́ta wọ inú iyanrìn, ẹ gbìn ín nígbà òjò. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìdènà, ẹ máa ro mítà 1 yí ìdí àgbọn kọ̀ọ̀kan ká, kí ẹ sì fi èèpo àgbọn bo ibẹ̀. Níwájú, ìtàkùn ń ṣe wọ́n lóore. Lẹ́yìn, koríko ń bá wọn du omi.

Ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ya kì í pa á. Yíya yẹn ló ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ rí ọ̀nà kọjá. Ìṣubú ni kí ẹ bẹ̀rù. Bó bá ti so, ẹ fi ọparun méjì gbè é ní apá ibi tó ń tẹ̀ sí, kí orí wọn gba ara wọn kọjá lábẹ́ ọrùn èso.

Ìbéèrè: Olùkọ́ ni mí ní Ìkòròdú. Àwọn ọmọ kíláàsì mi ń bi mí bóyá igi ń hù níbi tí omi ti ń dì, àti bóyá lóòótọ́ ni ọ̀gbìn ń ran ara wọn lọ́wọ́ níbẹ̀.

Ìdáhùn: Ó ń hù dáadáa. Lórí Òkè Kenya, ní òkè 4,000 mítà, oòrùn á mú lọ́sàn-án, omi á dì lóru. Igi Dendrosenecio tó wà níbẹ̀ máa ń ká ewé rẹ̀ bo ọ̀mùnú nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú, kì í sì í gbọn ewé gbígbẹ sílẹ̀: ó ń kó wọn mọ́ra yí ìtì rẹ̀ ká, kí omi inú rẹ̀ má bàa dì. Lobelia, aládùúgbò rẹ̀, ń gbá omi jọ sáàárín ewé. Òkè omi náà á di yìnyín, ìsàlẹ̀ tí ọ̀mùnú wà kò ní dì.

Lórí àwọn òkè Andes ní Gúúsù Amẹ́ríkà àti Alps ní Yúróòpù, àwọn ọ̀gbìn kan ń hù rẹ́lẹ̀, wọ́n fún pọ̀ pinpin. Silene acaulis, ọ̀kan lára ti Alps, kì í ga ju sẹ̀ǹtímítà díẹ̀ lọ. Afẹ́fẹ́ á gba orí wọn kọjá, inú wọn á móoru ju ìta lọ, irúgbìn mìíràn tó bá bọ́ síbẹ̀ á rí ibi hù. Ní 2002, Ragan Callaway, onímọ̀ nípa ọ̀gbìn, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé iṣẹ́ kan jáde lórí òkè káàkiri ayé: wọ́n fa aládùúgbò ọ̀gbìn tu, wọ́n sì wo ohun tó tẹ̀lé e. Lókè pátápátá, èyí tó kù jìyà. Nísàlẹ̀, níbi tó rọrùn, ó tún sàn fún un. Kò sí àánú níbẹ̀ o. Ibi tí nǹkan bá le ni ìbòòji níye lórí ju oúnjẹ lọ.

Fún kíláàsì yín: ẹ gbin ẹ̀wà sínú ike mẹ́wàá, erùpẹ̀ kan náà, omi kan náà. Nígbà tí ewé bá ti yọ, kí àwọn ọmọ máa fi ọwọ́ ra ìtì márùn-ún nígbà 20 láàárọ̀ àti nígbà 20 kí wọ́n tó lọ sílé, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Àwọn tí wọ́n ń fọwọ́ rà á kúrú, wọ́n á sì nípọn. Bí afẹ́fẹ́ ṣe ń ṣe ọ̀gbìn nìyẹn. Kí gbogbo ike wà lójú ìmọ́lẹ̀ kan náà, torí ẹ̀wà tó bá wà níbòòji á ga gọ̀ǹgọ̀, àyẹ̀wò á dàrú.

Ìbéèrè: Ata tí mo kó jáde láti abẹ́ ìbòòji lọ sóko nígbà ọ̀yẹ́ rọ láàárín ọjọ́ méjì. Mo bomi rin ín o. *Ẹ̀pẹ́*

Ìdáhùn: Afẹ́fẹ́ gbígbẹ ló fà á. Ewé tó dàgbà níbòòji rọ̀ jù, ọ̀yẹ́ ń fa omi inú rẹ̀ yára ju bí gbòǹgbò ṣe lè pèsè rẹ̀ lọ. Ọjọ́ mẹ́wàá kí ẹ tó kó wọn, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í dín omi kù, kí ẹ sì máa ṣí ìbòòji: wákàtí méjì láàárọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, títí tó fi di gbogbo ọjọ́. Ẹ gbìn ín nírọ̀lẹ́. Ẹ ri imọ̀ ọ̀pẹ sí apá àríwá ìlà-oòrùn ebè, torí ọ̀nà ibẹ̀ ni ọ̀yẹ́ ń gbà wá, kì í ṣe ọ̀nà ọ̀sà.

Ìbéèrè: Kí ló dé tí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń dúdú nínú fíríìjì? *Ìkòròdú*

Ìdáhùn: Ọmọ ilẹ̀ gbígbóná ni. Tí òtútù bá ti lọ sísàlẹ̀ 13°C, ọ̀rá inú ara rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í le, bí epo pupa ṣe ń dì, omi inú rẹ̀ á máa jò pọ̀ mọ́ra, èèpo á sì dúdú. Ọ̀gbìn ilẹ̀ olótùútù ní ọ̀rá tí kì í tètè dì. Bí èèpo bá tiẹ̀ dúdú, inú ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n ṣì ṣeé dín. Èyí tí kò tíì pọ́n ni kí ẹ má gbé síbẹ̀, kò ní pọ́n dáadáa mọ́.