Ṣé gbogbo arúfin ni ọ̀daràn?

Ẹnì kan béèrè pé: "Àwọn ọmọlẹ́yìn Karl Marx máa ń ní òfin ló ń sọ èèyàn di ọ̀daràn. Ṣé olè jíjà ò wá burú lójú wọn ni?"

Ó burú lójú wọn. Marx yìí ni onímọ̀ ará Jámánì tó ta ko ètò ọrọ̀ ajé tó ń gbè sẹ́yìn àwọn olówó. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tú ọ̀rọ̀ méjì palẹ̀. Ọ̀daràn dá ọ̀ràn: ó ṣe ẹlòmíì níbi. Arúfin rú òfin, èèyàn kan ló sì gbé òfin náà kalẹ̀. Ibi tí méjèèjì ti yà síra gan-an ni wọ́n tẹjú mọ́.

Ẹ wo àpẹẹrẹ kan. Ní Rhineland, lábẹ́ ìjọba Prussia nílẹ̀ Jámánì, ó ti pẹ́ tí àwọn mẹ̀kúnnù ti ń wọ igbó lọ ṣa igi gbígbẹ tó já sílẹ̀. Òun ni wọ́n fi ń dáná, òun ni wọ́n fi ń yáná nígbà òtútù. Ẹ̀tọ́ ìbílẹ̀ wọn ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí igi di ọjà olówó gọbọi, àwọn onígbó gbà á mọ́ wọn lọ́wọ́. Lọ́dún 1836, nínú ẹjọ́ bíi 207,000 tó dé ilé ẹjọ́ Prussia, nǹkan bí 150,000 ló jẹ́ ti igi àti igbó! Nígbà tó di 1841, ìgbìmọ̀ aṣòfin Rhineland, níbi tí ẹnu àwọn onílẹ̀ ti tólẹ̀, jókòó lórí òfin tí yóò ka igi ṣíṣà mọ́ olè jíjà. Wọ́n tún fẹ́ kí owó ìtanràn wọ àpò onígbó, kí ẹ̀ṣọ́ tí onígbó ń sanwó fún sì máa díye lé igi náà.

Marx, tó jẹ́ ọmọ ọdún 24, bu ẹnu àtẹ́ lù ú nínú ìwé ìròyìn Rheinische Zeitung lọ́dún 1842. Èyí ló ká mi lára jù: obìnrin tó ń ṣẹ́gi kò yí ọwọ́ padà. Igi kan náà ni, igbó kan náà ni. Orúkọ tí wọ́n ń pè é ló yí padà.

Àmọ́ àwọn kan lára àwọn ọmọlẹ́yìn Marx sọ ọ̀rọ̀ yìí di àsọdùn, bíi pé ajàfẹ́tọ̀ọ́ ni gbogbo olè. Ní àwọn ọdún 1980, Jock Young àti John Lea, àwọn onímọ̀ nípa ìwà ọ̀daràn nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí àwọn náà wà lápá òsì nínú ìṣèlú, ìyẹn apá tó ń gbèjà òṣìṣẹ́ àti tálákà, fèsì pé àdúgbò àwọn tálákà gan-an ni olè ń yọ lẹ́nu jù. Ìyẹn kì í ṣe rírú òfin lásán. Ọ̀ràn ni.